Ẹja Tó Kọ Oúnjẹ ní Pálọ̀ Wa

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, àjọjẹ àjọmu mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àwọn ọmọ mi ń jẹun bí ẹni pé oúnjẹ ṣẹ̀ wọ́n.

Ọkọ mi, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ iná, ti di bàbá ẹja. Ó gbé àpótí gíláàsì wọ pálọ̀, ó da yanrìn àti omi sí i, ó kó ẹja méjì sínú rẹ̀, takọ tabo. Ìbátan epìyà ni wọ́n, àmọ́ wọn ò gùn ju ìka mi lọ. Akọ yẹn fẹ́ràn àṣehàn! Ó gbẹ́ kòtò sínú yanrìn, ara rẹ̀ ń dán ní búlúù, ó ń jó yí abo ká. Ijó tán, kò wojú abo mọ́. Mo wo ẹja, mo wo ọkọ mi, mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Kò pẹ́ ni abo kọ oúnjẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú. Ọkọ mi ò gbádùn mọ́. Ó ń bẹ ẹja kó fi nǹkan kan sẹ́nu. Èmi tí mo ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, tí mo ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo ti jẹun. Àmọ́ ẹja ò jẹun, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀! Dókítà iná wa ní nǹkan ló há a lọ́fun. Ó bu ẹja sínú abọ́, ó mú tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀mú tó fi ń fa wáyà, ó fẹ́ la ẹnu rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ pe obìnrin tó tà á fún un. Igbe obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ọmọ ló kó sẹ́nu."

Ó ṣàlàyé pé bí abo bá ti yé ẹyin, ẹnu ló ń kó o sí títí ẹyin yóò fi di ọmọ. Kò ní jẹun, kó má baà gbé ọmọ mì. Bí wọ́n bá sì ń dà á láàmú, ó lè tu wọ́n dànù kí wọ́n kú. Ọkọ mi rọra dá a padà sínú àpótí. N ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ba èmi náà.

Àná ni abo lanu. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tú jáde bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Bí ọkọ mi ṣe fọwọ́ kan gíláàsì, gbogbo wọn sáré padà sẹ́nu ìyá wọn. Ìyá ti rù kan egungun. Ọkọ mi wò ó títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"

O mọ̀ mí, n kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ni mo ha." Ó wọ kíṣìnnì lọ dín ẹyin. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó ohun tó lè pa gbogbo ẹja pálọ̀. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ọkọ rẹ. Bí òun náà ò bá tíì bi ọ́ rí, ra ẹja fún un.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Aránṣọ Ẹlẹ́nu-mímú