Ọfà Tí Mo Dá Padà Sí Yunifásítì

Adépéjú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Tinúọlá ọmọ ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Pẹ́kámù? Ṣé òtútù kò tíì wọ inú egungun yín? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kámbáwẹ́lì kò pọ̀ jù fún ọ? Olúwa tí kì í tòògbé á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì yẹn. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àgùntàn wa sì bí ìbejì. Mi ò pè ọ́ nítorí pé fóònù mi máa ń pariwo, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Màmá Isaiah, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣe é sọ sí i létí.

Láti ìgbà tí Isaiah ti kó lọ sí Dọ́líìṣì nítòsí yín ni ìyá rẹ̀ kò ti jẹ́ kí n gbádùn. O mọ̀ pé Seth ọmọ Isaiah àti Tinúọlá wa jọ fẹ́ wọ yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, á gbé fóònù dé, Seth rè é lórí pápá, Seth rè é pẹ̀lú mẹ́dàlì lọ́rùn. Mo ní kí ló kan eré sísá nínú iṣẹ́ lọ́yà, àbí lọ́yà ló ń lé olè mú ni? Ó ní àwọn tó gba máàkì ńlá ti pọ̀ jù lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní eré ìdárayá mọ́ ọn lojú máa ń tètè rí. Mo ní Tinúọlá náà ń fò jìnnà, ó gba ipò kìíní. Ó ní ìyẹn kàn ń fò sínú yanrìn ni. Mo jowú, Adépéjú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ yẹn ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Ó tún ní àwọn tíṣà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Seth á gba ìràwọ̀ mẹ́ta nínú ìdánwò, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ A kọ̀ọ̀kan. Mo ní mẹ́ta náà ni wọ́n rí fún Tinúọlá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìràwọ̀ ọmọ sórí ìwé fún gbogbo ayé? Wòlíì wa gan-an, bó bá rí ìràwọ̀ èèyàn, etí onítọ̀hún ló ń sọ ọ́ sí. Tíṣà tí kò wọ sùtánà, tí kò bọ́ bàtà, tó wá ń ríran, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ìgbà tí o wá fi ohùn ránṣẹ́ pé kí n fi àdúrà ràn yín lọ́wọ́, pé Tinúọlá ń retí ọfà láti yunifásítì márùn-ún, àyà mi já. Mo gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ọfàkọ́fà tí yunifásítì bá ta sí ọmọ ọmọ mi, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta á. Wòlíì lu agogo sí i, gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Ibi tí ojú ti ń tì mí nìyí. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, kí n tó lọ kúnlẹ̀, Màmá Isaiah sọ pé ọfà márùn-ún ni Seth náà ń retí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, mo rò pé ìbẹ̀rù ló dà á lórí rú, inú mi sì dùn díẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo ti ní kí ọfà márààrún wọ Seth lára, kí ìkankan má tàsé. Mo dárúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá ni Màmá Isaiah jó lọ síwájú pẹpẹ. Gbogbo ọfà Seth ti dé. Lẹ́yìn ìsìn ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní ẹ̀yìn mi lòun kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn, òun gbọ́ bí mo ṣe ń dárúkọ Seth, pé Isaiah gan-an kò gbàdúrà fún Seth tó bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní bisikíìtì London, odidi agolo kan. Kóyọ̀dé akọ̀wé ìjọ ló wá là mí lójú pé ọfà àwọn òyìnbó, lẹ́tà tí yunifásítì fi ń ní kí ọmọ máa bọ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lo pè pé mẹ́rin ti kọ Tinúọlá, ó ku ẹyọ kan.

Àdúrà mi gbà, ọmọ mi. Èyí tí mo fi owú gbà fún ọmọ ọlọ́mọ gbà, èyí tí mo fi ìfẹ́ gbà fún tèmi náà gbà. Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí yunifásítì tó kù, ní ìyá arúgbó kan ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, kí wọ́n ta á padà, a ò ní yẹ̀ ẹ́. Fi owó àbẹ́là méje ránṣẹ́ kí n lọ tún ọ̀rọ̀ mi sọ níwájú Ọlọ́run, kí o sì fi owó bisikíìtì kún un, kí n rí nǹkan fún Màmá Isaiah, agolo tirẹ̀ kò gbọdọ̀ tóbi ju tèmi lọ.

Ọ̀nà á là fún yín. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Sọ fún Tinúọlá kó nu ojú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ìwé rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ. Èmi ni mo lé wọn padà.

Èmi ni ìyá rẹ.