Ìwọ̀n Ìyá Oníbúrẹ́dì Nínú Ìpàdé Àwọn Onímọ̀

Àkọ́bí mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ohun tí mo jẹ ọ́ padà. Fóònù tí o gbàgbé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ Ọjọ́rú nìyí, mo fi aṣọ wé e lọ́nà mẹ́ta, mo sì fi lé dírẹ́bà ọkọ̀ èrò lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kò fọ́, kò sì họ. Àmọ́ mo ṣí i, mo lò ó, dátà inú rẹ̀ sì ti tán. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo tún jẹ ọ́, òun náà ni mo fẹ́ san báyìí.

Ṣé o délé láyọ̀? Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń sàn, ó ti ń bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ń gán ọrùn ẹ̀wù kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ti máa ń wo ìka rẹ bí o ṣe ń ṣí i, má bínú, ìyá kì í fọ́jú nínú ilé ara rẹ̀. Mo rí RNA, orúkọ ohun tí ò ń ṣèwádìí rẹ̀, tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé ìpàdé ẹ̀yin àti àwọn onímọ̀ òkè òkun ni. O sì ti sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ní wọ́n ti sún un di oṣù tó ń bọ̀. Mo ní bóyá wọ́n gbàgbé láti sọ fún àwọn tó kù, mo bá tẹ̀ ẹ́ kí n lè ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọmọ mi, ilé onífèrèsé wẹ́wẹ́ kan ló ṣí, èèyàn kọ̀ọ̀kan lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Mo wé gèlè mi dáadáa, mo kúnlẹ̀ kí wọn, nítorí àgbà pọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn fèrèsé kan ṣókùnkùn, orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹnì kan na ọwọ́ yẹ́lò sókè, mo mọ ìyẹn láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ lọ tọ̀ ni, wọn ò sì dá a lóhùn títí ó fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀gá rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Mo dá a mọ̀, òun ló wá síbí lọ́dún tó kọjá, tó jẹun lẹ́ẹ̀mejì tí kò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé àwòrán kan síwájú wọn. Bébà ìgéṣọ mi ni. Bébà tí o yàwòrán sí lórí tábìlì mi níjọ́ tí mo ní kí o ṣàlàyé RNA fún mi, tí o ní ìwé ìwọ̀n gidi wà nínú àpótí tí a kì í gbé jáde, RNA ni bébà tí a dà á kọ sí ká lè gbé e lọ síbi tí a ti ń gé aṣọ, pé kì í pẹ́ ya. Èmi ni mo sọ fún ọ pé bí a bá ṣẹ́ etí bébà po sẹ́yìn, kì í tètè ya. O mú ṣọ́ọ̀kì mi, o yà á títí oúnjẹ fi tutù, o ní ohun tí o ti ń wá láti ọdún méjì nìyẹn. O ya fọ́tò rẹ̀, o fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀. Nínú ìpàdé yìí, orúkọ rẹ kò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ti ọ̀gá rẹ ló wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò pa ohun tó wà ní igun bébà rẹ́. Ìwọ̀n ìyá oníbúrẹ́dì ni, àyà 42, ìdí 48. Kí n má purọ́, ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn, pé gbogbo ayé ń wo ìdí oníbàárà mi, ẹni tí mo ti ṣèlérí fún pé etí kẹta kò ní gbọ́. Mo pariwo títí, kò sẹ́ni tó yíjú. Ìgbà tó yá ni mo rí àwòrán kékeré kan tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú, mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo ojú fèrèsé bá yí sí mi.

Mo ní ìdí yẹn kì í ṣe ti ọ̀gá, ti oníbàárà mi ni, bébà tèmi ni, àwòrán ti ọmọ mi ni, ojúlówó rẹ̀ sì wà nínú àpótí mi. Obìnrin kan tó gbọ́ èdè wa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Bàbá arúgbó tó ń darí ìpàdé béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ pé kí ni 42 àti 48 yìí. Ọ̀gá rẹ ní ìwọ̀n ooru ni. Obìnrin yẹn fi ọwọ́ bo ẹnu. Arúgbó náà wá ní kí ẹni tó yà á fúnra rẹ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kó sì mú bébà ọ̀hún dání. Ibẹ̀ ni dátà ti tán.

Láàárọ̀ òní, ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá rẹ pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta sórí fóònù rẹ yìí. Àkọ́kọ́, ó pè mí ní Mọ́mì, ó ní iṣẹ́ àjọṣe ni, orúkọ olórí ló ń bo ti ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní bébà náà kò níláárí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní òun máa fi ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tuntun ránṣẹ́ sí mi, ọkọ̀ òun á sì wá gbé bébà ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ta ló ń fi ẹ̀rọ tuntun ra ohun tí kò níláárí? Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n rán ọ létí pé òun ló máa fọwọ́ sí ìwé tí o fi máa di dókítà ní ìparí ọdún. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè fi òwú wọ abẹ́rẹ́.

Mi ò mọ̀ bóyá mo tún nǹkan ṣe tàbí mo bà á jẹ́. Tí mo bá fún un, wàá gba ìwé rẹ, àmọ́ ohun tí o rí á máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí láé. Tí mi ò bá fún un, ó lè má fọwọ́ sí i, ọdún márùn-ún rẹ á sì wọmi. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ará fèrèsé yẹn ṣe wúwo tó, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ní ká dáná sun ún kí àlàáfíà lè wà. Mo ti kó gbogbo ìṣáná kúrò nílẹ̀. Bébà náà kò ní kúrò nínú àpótí mi àfi tí ìwọ bá sọ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé kí n gbé e wá fúnra mi ni, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kì í ṣe àlọ nìkan bíi tìjọ́sí. Má sì pè mí sórí fóònù bàbá rẹ, etí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ kò jìnnà síra wọn. Dírẹ́bà yìí ni kí o fi èsì lé lọ́wọ́.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ojú inú kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn máa fi ríran. Ohunkóhun tí o bá yàn, ọmọ mi ni ọ́. Èmi ìyá rẹ ni mo kọ ọ́, mo sì ń retí èsì rẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.