Káàdì Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Àǹtí Diamond Rà fún Mi

                                        Ojúlé 14, Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Àdúgbò Ailegun,
                                        Èjìgbò, Èkó.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹta, 2026.

Rodiat, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

“Àjíbíkẹ́! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́! Àlejò tó yẹ ká máa tọ́jú, òun lo jẹ́ kó máa ra káàdì fún ẹ! Dá a padà kílẹ̀ tó ṣú!”

Màámi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo yẹn. Ìgbà tí wọ́n ń fọ ṣòkòtò mi ni wọ́n rí káàdì lápò ẹ̀. Mo ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ bàbá yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Sherifdeen àbúrò ẹ, ṣé ó ṣì ń jí ẹran inú ọbẹ̀? Ara mi le, inú ló ń bí mi. O kúkú mọ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi Babáṣọlá àti Àǹtí Diamond jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni. Èkó lásán ni àǹtí yìí wá wò. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, àmọ́ wọ́n dúdú bíi tiwa, torí náà Yorùbá ni gbogbo èèyàn ń da bò wọ́n, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín. Lánàá, wọ́n ní kí èmi àti màámi mú àwọn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà.

Àǹtí Diamond fẹ́ ra káàdì tiwọn, màámi fárígá. “Èèwọ̀! Àlejò mi ò ní náwó l'Ékòó!” Màámi fi káàdì tiwọn kan ẹ̀rọ, géètì ṣí, wọ́n ti àlejò wọlé. Ó wá kan màámi. Wọ́n fi káàdì kàn án, géètì ò dáhùn. Wọ́n fi ìró nù ún, wọ́n tún kàn án. Pabo! Àṣé ẹnì kan ṣoṣo ni káàdì kan lè gbé wọlé. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, “Màámi, ẹ ti ti àlejò yín mọ́lé o!” Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan ló bá wa tú Àǹtí Diamond sílẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí màámi tún dúró, wọ́n ní àwọn á dúró dè wá nísàlẹ̀.

Rodiat, Àǹtí Diamond ò bínú rárá. Wọ́n lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ta káàdì, ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀. Ṣé káàdì yìí á wọ bọ́ọ̀sì? Ṣé àwọn á tún fi kan ẹ̀rọ tí àwọn bá fẹ́ jáde? Wọ́n bi ẹni tó ń ta káàdì, wọ́n tún un bi. Ìyá kan pòṣé: “Àǹtí, ṣé ọkọ̀ yẹn gan-an lẹ fẹ́ rà ni?” Àǹtí Diamond yíjú, wọ́n fi Yorùbá tí Babáṣọlá kọ́ wọn sọ pé, “Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ọ́n.” Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tó pòṣé yẹn náà ló tún wá ń ṣàlàyé fún wọn!

Wọ́n wá bi mí pé kí ni òfin tí wọ́n kọ sára ògiri túmọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì gígùn gbọọrọ ni. O mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì kíkà mi ṣẹ̀fẹ̀ ní kíláàsì ni mi ò ti lọ síléèwé mọ́. Mo fajú ro, mo kọjú sí fóònù. Àǹtí Diamond wò mí títí, wọ́n ní kò yé àwọn náà tó, ká jọ lọ béèrè. A béèrè. Kò sẹ́ni tó jẹ wá níyà. Ni wọ́n bá ra káàdì kan fún èmi náà.

Ọkọ̀ yẹn mọ́, ó tutù, àfi bíi pé kì í ṣe Òṣòdì wa là ń wò látojú fèrèsé. Ní Ìkẹjà, èmi fúnra mi ni mo fi káàdì mi kan ẹ̀rọ, géètì ṣí fún mi. Bá a ṣe jáde, mo rí iléèwé ìrọ̀lẹ́ kan. Àwọn tó ti bímọ ń gbé báàgì wọbẹ̀.

Bá mi kí gbogbo wọn nílé, kí o gbá Sherifdeen létí díẹ̀ fún mi.

Mi ò ní dá káàdì yìí padà. Lọ́la, màá wọ ọkọ̀ náà lọ sí Ìkẹjà, màá bi wọ́n níléèwé yẹn bóyá wọ́n ń gba ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì geere. Màámi ò ní gbọ́, Àǹtí Diamond ò ní gbọ́. Ìwọ náà ò tíì gbọ́, torí abẹ́ ìrọ̀rí mi ni lẹ́tà yìí máa wà. Tó bá fi dọ́wọ́ ẹ, á jẹ́ pé mo ti béèrè.

Ọ̀rẹ́ ẹ oníkanra,
Àjíbíkẹ́