Fídíò Àbúrò Bàbá Mi Lórí Òkè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ ṣáà sọ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ni.

Kọ́ńpìnnì kan fẹ́ gbé òpó gíga tí afẹ́fẹ́ máa ń yí, tó ń mú iná wá, sórí òkè wa. Èmi náà fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n orí òkè yẹn ni ìyá àgbà mi máa ń gbé ọmọ tuntun ilé wa lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀. Níbi ìpàdé ìlú pẹ̀lú kọ́ńpìnnì náà, àbúrò bàbá mi ní, "Ewúrẹ́ nìkan ló ń lọ síbẹ̀." Ìyá àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má dójú tì wá." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Àtìgbà náà ni ìyá àgbà ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Àbúrò bàbá mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ gun òkè yẹn kí afẹ́fẹ́ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Fídíò rẹ̀ wà lórí fóònù mi.

Kọ́ńpìnnì ń padà bọ̀ wá ṣèpàdé ní Sátidé. Èmi ni mo máa bójú tó ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ẹ má ní kí n dárí ji àbúrò bàbá mi, pásítọ̀ ti sọ ìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbé fídíò náà síta kó tó sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ dárúkọ ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i?