Àgádágodo Orí Afárá

                                        Ilé Ògúnlàdé,
                                        Ìbàfò.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kejì, 1978.

Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́ pípẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Owódé? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọkọ rẹ tí kì í gbọ́ràn? Ara tèmi le. Eyín kan ló kù lápá òsì, ó ṣì ń jẹ ẹran. Ọmọ́títí, ọmọ ọmọ mi tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ti ní kó kọ gbogbo rẹ̀.

Hàkímù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń jó irin fún àwọn tó ń ṣe títì márosẹ̀, ló gbọ́ lẹ́nu òyìnbó kan níbi iṣẹ́ pé nílùú tiwọn, bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ràn ara wọn, wọn a lọ ti àgádágodo mọ́ afárá, wọn a ju kọ́kọ́rọ́ sódò, ìfẹ́ wọn kò ní já mọ́. Èmi àti olóògbé ọkọ mi kò ti nǹkankan mọ́ ibì kankan, ọmọ méje la bí.

Ni àwọn méjèèjì bá jí àgádágodo yàrá gàrí mi. Wọ́n fi ìṣó ha orúkọ ara wọn sí i, wọ́n tì í mọ́ irin afárá odò ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ sómi. Ewúrẹ́ ti jẹ gàrí mi fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìfẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ìyá Hàkímù ló kó wàhálà dé. Ọmọ Ìkirè ni, ó sì mọ ohun tí àwa èèyàn dúdú ń fi àgádágodo ṣe. Nígbà tí ẹnì kan ka orúkọ ọmọ rẹ̀ fún un lára irin, igbe ló fi wọ ilé wa, pé a ti ti ọmọ òun pa, kò ní lọ síwájú mọ́. Hàkímù ní òun yóò fi ayùn rẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ ní ẹni tó bá rẹ́ ẹ, ẹ̀mí ọmọ òun ló rẹ́. Ó wá kọjú sí mi:

"Ìyá, ẹ gbọ́ o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàwó."

Ọmọ́títí ń sunkún. Èmi tún etí ìró mi so.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa odò náà wá sí orúnkún. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ tú ẹrẹ̀. Mo gbé àpótí lọ sétí odò, mo jókòó ti ìyá Hàkímù. Akàn méjì àti bàtà kan ni wọ́n rí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Ọmọ́títí ní ó ti tó, kí Hàkímù jáde, kó lọ fẹ́ ẹni tó bá wu ìyá rẹ̀. Hàkímù kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bẹ̀rẹ̀ jàre. A ò tíì wo abẹ́ òkúta yẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti dìde, mo tú kọ́kọ́rọ́ kejì létí ìró mi. Ta ló ta àgádágodo oníkọ́kọ́rọ́ kan rí? Mo gun orí afárá, mo ṣí i níṣojú ìyá ọkọ. Ó kó akàn méjèèjì, ó lọ se ọbẹ̀. Ọmọ́títí bi mí ìdí tí mo fi jẹ́ kí àwọn wà nínú omi láti àárọ̀. Mo ní mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ jáde. Òun ni. Kó má pa ibẹ̀ yẹn rẹ́ nínú lẹ́tà yìí.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún ọkọ rẹ pé mo ní kó máa gbọ́ràn. Máa bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó, kí o mú ẹja dání, nítorí ìyá ọkọ kò ní fún ọ ní akàn. Àgádágodo ti padà sẹ́nu ilẹ̀kùn gàrí. Orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀, ewúrẹ́ kò sì wọlé mọ́.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó tẹ ìka síbí,
                                        Sùwéébátù.