Ẹní Kókó àti Ìhà Tí Ojú Ò Tó

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Alihamudulilahi, mo ti borí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, wọ́n fi ìbéèrè gbo mí bí ẹni ń gbo ewé, mo sì jáde láàyè. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, wọ́n dá iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ fi gba oyè dókítà padà lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo tún kùnà lọ́tẹ̀ yìí ni, ó tán nìyẹn, kí n máa bọ̀ nílé ní Akanran.

Bí mo bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín nígbà ayé yín, ẹ kàn máa ń fi obì sẹ́nu, ẹ ó máa mi orí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, ẹ ò kúkú lè sùn lọ mọ́ mi lẹ́nu lónìí. Àwọn nǹkan kan wà tó kéré ju eruku lọ fíìfíì, àwọn ló para pọ̀ di ohun gbogbo. Wọn kì í gbọ́ràn. Ẹ wo ọ̀kan, ó yà sọ́tùn-ún. Ẹ wo irú rẹ̀ gan-an, ó yà sósì, láìnídìí. Bí méjì bá sì jọ jáde láti ibì kan, kí ọ̀kan wà ní Akanran, kí èkejì wà ní Alakia, bí èyí bá ṣe yà ni tọ̀hún náà ń yà, láìránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, kò nídìí. Èmi ò gbà. Orí kunkun yín ni mo jogún. Yàtọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì, òkè àti ilẹ̀, ṣé kò lè sí ìhà kan sí i tí ojú wa ò tó, kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdí náà wà?

Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan, tó ti fajú ro láti àárọ̀, bi mí bí ohun méjì tó jìnnà síra ṣe lè wà nítòsí ara wọn. Ni mo bá rántí ẹní tí a fi ń sá kókó. Bí òjò bá ṣú, ẹ ó di etí kan mú, èmi ó di etí kejì, a ó ká a pàdé lórí kókó. Èèrà tó wà lọ́dọ̀ yín ì bá rìn títí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n bí a bá ti ká ẹní, etí méjèèjì ti kan ara wọn. Èèrà ò mọ̀ pé òkè wà. Mo ká ìwé kan lójú wọn, mo fi ìṣirò mi tì í lẹ́yìn, bàbá yẹn sì rẹ́rìn-ín.

N ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ mi ò fi hàn pé ìhà náà wà. Ó fi hàn pé ó lè wà, àti ibi tí a ti lè wá a. Igi tó wó lù yín lóko ńkọ́, ṣé òun náà nídìí? N ò rí i nínú ìṣirò mi, ó sì ń dùn mí.

Nílé, àwọn ará abúlé ti ń gbé orúnkún dídùn wá bá mi, wọ́n rò pé dókítà abẹ́rẹ́ ni mo dà. Màámi ò jẹ́ kí n là wọ́n lóye. Ìyá Dókítà ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, ẹni tó bá pè wọ́n ní nǹkan mìíràn, wọn ò dá a lóhùn.

Ẹ̀yin nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì fi oyè náà pè. Láàárọ̀ yìí, mo lọ sídìí sàréè yín, mo sì pè é sókè, àwọn tó ń lọ sóko dúró wò mí: Bàbá Dókítà.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ fẹ́ràn,
Dókítà yín.