Eré Tí Mo Ṣe Lórúkọ Ọkọ Mi

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Nọ́ọ̀sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tó dà bí fóònù ńlá wá fún Olóríkunkun, ọkọ mi. Èmi ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń gbàgbé nǹkan. Eré ni kó máa ṣe láràárọ̀: àwòrán á ṣí, á dojú dé, kó wá èkejì rẹ̀. Dókítà á máa wò ó láti ọ́fíìsì, á fi mọ̀ bóyá ọpọlọ ń jó àjórẹ̀yìn. Ọkọ mi ní ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lòun ni. Ó lọ fọ mọ́tò rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Àkọ́bí wa obìnrin pè. Bí bàbá òun bá fìdí rẹmi, àwọn á gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, àwọn á mú un lọ sílé ìtọ́jú arúgbó. Ta ló máa wá máa bá mi jà nílé? Mo ṣe eré náà lórúkọ rẹ̀. Kò le. Èmi tí mo ránṣọ fún gbogbo àdúgbò láìkọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀ — orí ni mo ń kó o sí.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo tún ṣe é. Agboòrùn, ẹyẹ, bàtà. Ẹyẹ kejì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Awò ojú mi ló ti gbó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Olóríkunkun ki sísọ́ọ̀sì mi sínú fìríìjì. Mo bú u dáadáa. Ó kàn ń wò mí. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
A bá sítóòfù ní títàn, ìkòkò ti jó. Èmi kọ́ — mi ò dé ìdí iná lónìí. Ó ní àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹyin tí mo dín láàárọ̀. Irọ́ ńlá.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Eré. Bàtà wo?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Dókítà pe àwa àti àkọ́bí wa sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń túfọ̀: Mámà, ẹ má bínú, eré bàbá ń burú sí i lójoojúmọ́. Àkọ́bí wa bú sẹ́kún, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí.
Olóríkunkun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì. Níta, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá wọn, mo ń rí ẹ láràárọ̀ nídìí eré yẹn. Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó jẹ́ èmi ni wọ́n máa mú."

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Lọ́túnla ni wọ́n ń bọ̀ wá mú un. Mi ò ní gbà. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé: èmi ni mo ṣe eré náà. Èmi ni ìgbàgbé ń ṣe. Kí n sọ fún ọmọ mi kó tó gbé e lọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Àkọ́bí wa ti wá gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá a sọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mọ́tò fi lọ, mi ò rántí.